Ọwọ́ Òsì Rẹfirí

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 4 Oṣù Kẹwàá 2025

Mo ti fọn fèrè! Ìdánrawò lásán ni, kì í ṣe eré gidi, ṣùgbọ́n mo fọn ọ́n, àwọn ọmọ méjìlá sì dúró gbagidi. Èmi, Àsíátù, ọmọ Alfa Sàláù ti Sabon Zongo, tó ń tún ọbúróní wáwù, aṣọ òkìrìkà, rán ní ọjà Kantamanto. Nínú ilé wa, ta ló ń gbọ́ tèmi? Ológbò gan-an kì í dá mi lóhùn.

Nafisa, tí a jọ ń lo tábìlì ìránṣọ kan, bi mí pé kí tiẹ̀ ni lákírọ́ọ̀sì. Mo ní ọ̀pá ni, àwọ̀n kékeré wà lórí rẹ̀, òun lẹ fi ń hán bọ́ọ̀lù, ẹ ó máa sáré, ẹ ó máa jù ú síra yín, títí ẹ ó fi jù ú sínú góòlù. Ó ní ìyẹn ni pé ẹ̀ ń lé labalábá. Kò burú.

Àṣìṣe òní — bọ́ọ̀lù jáde. Ti àwọn tó ń gbá lọ sí apá òsì mi ni. Ó yẹ kí n na apá síbẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún ni mo gbé kọjá láyà ara mi, bí ẹni tó fẹ́ lé eṣinṣin léjìká. Gbogbo rẹ̀ dàrú. Ìlàjì sá síhìn-ín, ìlàjì sá sọ́hùn-ún. Ẹni tó ń kọ góòlù sílẹ̀ bi mí bóyá èjìká ló ń dùn mí.

Ìwé Òfin pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́. Bùrọ̀dá Àtàndá ni, òun ló ń kọ́ wa níṣẹ́ rẹfirí. Èmi ni mo sọ ọ́ lórúkọ yẹn nítorí pé ìwé òfin kì í kúrò lábíyá rẹ̀. Ó ní apá òsì fún òsì, apá ọ̀tún fún ọ̀tún, kí ẹni tó wà lókèèrè lè rí i. Mo ní, ní Accra yìí? Ọwọ́ òsì, lójú àgbà? Ó ní òfin ò mọ Accra.

Ọjọ́ Àìkú, 5 Oṣù Kẹwàá

Ìmọ̀ràn rẹ̀, kí n tó gbàgbé.

Fọn fèrè kó dún. Fèrè tó bá ń gbọ̀n, àwọn òbí á gùn ọ́ bí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́. Má bá òbí kankan jiyàn. Dúró níbi tí wàá ti rí òbírí — ìyẹn ìlà tí wọ́n fi ẹfun fà yí góòlù ká. Ẹni tó ń gbá bọ́ọ̀lù wọlé kò gbọ́dọ̀ tẹ̀ ẹ́. Tó bá tẹ̀ ẹ́, góòlù rẹ̀ ò wúlò. Tí o bá ti dájọ́, o ti dájọ́: rẹfirí kì í tọrọ àforíjì.

Àti pé kí n má kúnlẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tí mo bá ti wọ aṣọ onílà rẹfirí. Èyí kò sí nínú ìwé. Ó kàn mọ̀ pé ọmọ Alata ni mí, bí wọ́n ṣe ń pe àwa Yorùbá níbí.

Ọjọ́rú, 8 Oṣù Kẹwàá

Ọlọ́wọ́ òsì ni mí láti inú ìyá mi. Mi ò kọ ọ́ síbì kan rí, ó yá, mo ti kọ ọ́.

Ọmọ ọdún márùn-ún ni mí nígbà tí Alfa fi etí láwàní wọn so ọwọ́ náà mọ́ mi níbàdí, níwájú gbogbo ọmọ kéwú, kí n lè fi ọ̀tún mú gègé. Wọ́n ní òsì ni Ṣàìtánì fi ń jẹun. Oṣù mẹ́ta. Mo kọ́ ọ. Ọ̀tún ni mo fi ń jẹun, òun ni mo fi ń gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà, òun ni mo fi ń san owó ọkọ̀. Mi ò bá wọn jà lórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́? Òsì. Ìwé tí mò ń kọ yìí? Òsì ni. Ọ̀tún ti jẹun lọ́sàn-án, òsì ò lè máa jókòó lásán.

Mo ń fi í dánra wò lẹ́yìn ẹ̀rọ ìránṣọ. Na apá, ka méjì, sọ ọ́ kalẹ̀. Obìnrin Ga kan tó wá gba sòkòtò rò pé òun ni mo ń lé lọ. Nafisa rẹ́rìn-ín títí ó fi gún ìka ara rẹ̀ lábẹ́rẹ́.

Ọjọ́ Jímọ̀, 10 Oṣù Kẹwàá

Ọ̀la ni. Mi ò lè jẹ wáakye, ìrẹsì ẹlẹ́wà mi, tán.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 11 Oṣù Kẹwàá

Jẹ́ kí n tò ó bó ṣe ṣẹlẹ̀, nítorí àhesọ ti gba àdúgbò kan.

Pápá Alhaji Tàjùdíìnì la ti gbá a. Ilẹ̀ rẹ̀ ni, ó fi sílẹ̀ fún àwọn ọmọdé lọ́fẹ̀ẹ́, kì í sì í jẹ́ ká gbàgbé. Onípápá ni mò ń pè é. (Níta, "wọ́n" ni; nínú ìwé tèmi, "ó" ni.) Òun àti àwọn àgbà mẹ́fà jókòó sábẹ́ tapólì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà. Sabon Zongo ń bá Ashaiman gbá, ọmọ ọdún méjìlá sí mẹ́tàlá. Bushrah, ọmọ-ọmọ Onípápá, wà nínú ti Zongo. Ọmọ náà yára bí iná ọyẹ́.

Ìpín mẹ́ta àkọ́kọ́ nínú mẹ́rin, mo ṣe dáadáa. Mo sọ pé mo ṣe dáadáa! Ohùn fèrè mi kò gbọ̀n. Ìyá kan láti Ashaiman sọ pé rẹfirí tó wọ híjáàbù yìí, ojú rẹ̀ mú.

Ìpín kẹrin. Ashaiman mẹ́ta, Zongo méjì. Kò pé ìṣẹ́jú kan tó kù. Bushrah já wọlé, ó na ọ̀pá síwájú, ó jù ú — góòlù! Àwọn ènìyàn fò sókè. Ṣùgbọ́n mo ti rí ẹsẹ̀ rẹ̀ nínú òbírí. Mo fọn fèrè. Mo ju apá méjèèjì: góòlù kò wúlò. Bọ́ọ̀lù di ti Ashaiman, apá òsì ni wọ́n sì ń gbá lọ. Mo na apá òsì gbọọrọ.

Ibi tí apá òsì yẹn nà sí gan-an ni àga Onípápá wà.

Ariwo góòlù dákẹ́. "Ei!" ló kù. Obìnrin kan pariwo ní Twi pé ṣé nsa benkum, ọwọ́ òsì, nìyẹn. Onípápá dìde. "Àsíátù! Ọmọ Alfa! Èmi lo na òsì sí? Èmi tí mo pe ìrun sí ọ létí lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ?"

Orúnkún mi fẹ́ tẹ̀ fúnra rẹ̀. Mi ò kúnlẹ̀. Mo ní, "Bọ́ọ̀lù Ashaiman." Mo fọn fèrè. Eré parí, mẹ́ta sí méjì.

Inú mi dùn. Kí wọ́n pa mí.

Ọjọ́ Àìkú, 12 Oṣù Kẹwàá

Onípápá ti rán ènìyàn méjì sí Alfa. Iṣẹ́ tí wọ́n jẹ́ nìyí: ní Àbámẹ́ta tó ń bọ̀, kí Alfa mú mi wá sílé rẹ̀, kí n kúnlẹ̀ níwájú àwọn àgbà mẹ́fà ọjọ́ náà, kí n tọrọ àforíjì fún ọwọ́ òsì. Títí dìgbà náà, ẹnu ọ̀nà pápá wà ní títì. Bí mi ò bá wá, ó wà ní títì náà nìyẹn.

Alfa ní a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni. Mo ní góòlù kì í ṣe ilé baba ẹnikẹ́ni. Ọ̀rọ̀ yẹn ti jáde kí n tó gbé e mì. Wọn ò jẹ oúnjẹ tí mo sè. Ìrẹsì náà wà níbẹ̀ títí eèrà fi bò ó.

Alfa ti dáhùn pé a ó wá. Wọn ò bi mí.

Ọjọ́ Ajé, 13 Oṣù Kẹwàá

Mi ò bẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 14 Oṣù Kẹwàá

Ìwé Òfin wá bá mi ní Kantamanto. Ó jókòó lórí bẹ́ẹ̀lì aṣọ tí wọn ò tíì tú. Ó ní kí n lọ bẹ Alhaji. Ó ní ẹnu lásán ni, kò sí ohun tó máa yọ lára mi.

Mo ní, ta ló kọ́ mi lọ́wọ́ yẹn? Ó ń wo ẹ̀rọ ìránṣọ. Mo ní, òfin ò mọ Accra, àbí kí lẹ wí? Ó ní, Àsíátù, ọmọ mẹ́rìnlélógún ni kò ríbi ṣeré látọjọ́ Sátidé. Èyí dùn mí, nítorí òótọ́ ni. Lánàá mo rí mẹ́ta nínú wọn tí wọ́n ń ju bọ́ọ̀lù mọ́ ògiri ṣọ́ọ̀bù ẹni ẹlẹ́ni, tí wọ́n ń lé wọn kiri bí ewúrẹ́.

Ṣé nítorí tèmi ni? Nítorí ẹni tó ti ilẹ̀kùn ni. Síbẹ̀, ó ń dùn mí.

Ọjọ́rú, 15 Oṣù Kẹwàá

Ká ní mo mọ̀, ǹ bá má wò ó.

Nafisa ti ya eré náà sórí fóònù rẹ̀, kó lè fi mí yangàn fún àwọn ará ilé wọn. A ń jẹ ẹ̀kọ kọ́mí àti ẹja lọ́sàn-án, ó ní ká wo ibi tí mo ti na ọwọ́, ká fi rẹ́rìn-ín. A dá a dúró níbi góòlù. Nafisa gbé fóònù sún mọ́ ojú. Lẹ́yìn náà ló ní, "Chalé, ẹsẹ̀ ọmọ yìí ò tẹ ibẹ̀ o."

A fẹ àwòrán náà lójú. Bàtà Bushrah wà lẹ́yìn ìlà ẹfun, ó tó ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan. Ọ̀pá rẹ̀ nìkan ló wọ òkè òbírí, òfin tí à ń lò kò sì ka ìyẹn sí ẹ̀ṣẹ̀. Òjìji ẹsẹ̀ rẹ̀ ni mo rí. Oòrùn wà lẹ́yìn rẹ̀. Òjìji!

Góòlù ni. Góòlù tó mọ́ tónítóní. Mẹ́ta sí mẹ́ta ló yẹ kí eré náà wà. Mo gba nǹkan ọmọ ọlọ́mọ, mo sì wálé wá kọ ọ́ síbí pé inú mi dùn.

Ojú ń tì mí. Ọ̀rọ̀ ọwọ́ ò tì mí lójú rárá, àmọ́ èyí tì mí lójú dé ìdí.

Ọjọ́bọ̀, 16 Oṣù Kẹwàá

Mo pe Ìwé Òfin, mo sọ fún un. Ó ní kí n pa fídíò náà rẹ́. Ó ní gbogbo rẹfirí ló ń ṣi nǹkan rí, a kì í sọ ọ́ síta, bí mo bá gba ọ̀kan ní ṣíṣì, wọn ò ní gba èyíkéyìí tó kù gbọ́ mọ́.

Mo wá jókòó, mo rò ó. Ohun tí mo ṣe dáadáa, kí n lọ kúnlẹ̀ bẹ̀bẹ̀ lé e lórí. Ohun tí mo ṣe tí kò dáa, kí n panu mọ́. Alfa, Onípápá, Ìwé Òfin, ohùn wọn ti ṣọ̀kan. Ẹ kú ìmọ̀ràn o.

Mi ò gbà. Mi ò gba èyíkéyìí nínú rẹ̀.

Ọjọ́ Jímọ̀, 17 Oṣù Kẹwàá

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, Alfa bi mí bóyá mo mọ ohun tí mo máa sọ lọ́la. Mo ní mo mọ̀ ọ́n. Wọ́n ní Ọlọ́run á bù kún mi. Àánú wọn ṣe mí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 18 Oṣù Kẹwàá

Agogo mẹ́wàá àárọ̀. Pálọ̀ Onípápá. Àwọn àgbà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà pé, wọ́n gbé ike omi tútù kalẹ̀ síwájú wọn bí ẹni wá gbọ́ ẹjọ́. Mo kúnlẹ̀, mo kí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìkíni ni. Mi ò wọ aṣọ onílà lónìí, kò sí ìdí tí mi ò fi ní kí àgbà.

Alfa bẹ̀rẹ̀ ẹ̀bẹ̀. Wọ́n ní ọmọdé ni, wọ́n ní ọmọ ẹni kò ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ìdí ọmọ ẹlòmíràn. Onípápá gbọ́wọ́ sókè, ó ní kí ọmọ náà fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́.

Mo ní, "Àforíjì ni mo wá tọrọ." Gbogbo wọn mí. Mo ní, "Àmọ́ ọ̀dọ̀ Bushrah ni. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi pè é."

Alfa pe orúkọ mi, jẹ́ẹ́. Mi ò wẹ̀yìn. Bushrah ti wà lẹ́nu ìlẹ̀kùn, ó ń yọjú, bí gbogbo ọmọdé ilé. Ó wọlé. Mo ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀, òun náà kúnlẹ̀, ojú wa wá dọ́gba. Mo ní, "Bushrah, ẹsẹ̀ rẹ kò tẹ òbírí. Mo ti wò ó nínú fídíò. Góòlù ni. Èmi ni mo gbà á lọ́wọ́ rẹ láìtọ́. Forí jì mí."

Ọmọ náà wò mí. Ó ní, "Mo mọ̀, Áńtì. Ọjọ́ náà ni mo ti sọ fún wọn. Ọ̀rọ̀ ọwọ́ ni wọ́n ń sọ."

Àgbà kan wúkọ́ tipátipá. Òmíràn bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ó sì gbé e mì. Onípápá bi ọmọ-ọmọ rẹ̀ pé ṣé ó sọ fún òun náà. Bushrah ní bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá, nínú ọkọ̀, ẹ ní kí n dákẹ́.

Onípápá tún fìlà rẹ̀ ṣe. Ó wá ní, "Ọwọ́ òsì ńkọ́?"

Mo ní, "Ọwọ́ òsì kò ṣẹ̀ yín, Bàbá. Ibi tí bọ́ọ̀lù ń lọ ló júwe."

Ó ní kí wọ́n ṣí pápá fún àwọn ọmọ. Lójú gbogbo wọn ló ti sọ ọ́, kò lè gbé e padà. Ó tún ní èmi ò ní fọn fèrè lórí ilẹ̀ òun mọ́ títí ayé. Mo ní, "Ó dáa, Bàbá. Pápá wà ní Ashaiman." Mo dìde. Ó dùn mí o. Pápá yẹn ni àkọ́kọ́ mi. Ṣùgbọ́n mo dìde.

Alfa rìn níwájú, èmi lẹ́yìn. A kọjá mọ́ṣáláṣí, a kọjá àwọn tó ń ta súyà. Mo ti ń múra sílẹ̀ de ọ̀rọ̀ náà. Lẹ́nu ọ̀nà ilé wa ni Alfa tó dúró.

Wọ́n ní, "Ṣé lóòótọ́ ni pé ẹsẹ̀ ọmọ yẹn kò tẹ ibẹ̀?"

Mo ní, "Lóòótọ́ ni, Alfa."

"Ta ló mọ̀ kí o tó sọ ọ́?"

"Nafisa. Àti Bùrọ̀dá Àtàndá. Ó ní kí n pa á rẹ́."

Wọ́n mi orí. Wọ́n wò mí fún ìgbà díẹ̀, bí wọ́n ṣe máa ń wo ọmọ kéwú tó ka ibi tí wọn ò tíì kọ́ ọ dé. Wọ́n wọlé. Wọ́n ní kí n bu oúnjẹ wá.

Wọn ò dárúkọ ọwọ́. Èmi náà ò dárúkọ rẹ̀.