Irọ́ Ni Ọmọ Rẹ Ń Kà Fún Mi

Ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ. Orúnkún ṣì ń dùn mí. Télọ̀ ìtòsí ló ń bá mi kọ èyí, torí ọmọ tí o fi sọ́dọ̀ mi dé kíláàsì karùn-ún, kò mọ̀wé kà. Bó bá di lẹ́tà rẹ mú, irọ́ ló ń kà. Ó ní o ra bàtà. Télọ̀ kà á, iṣẹ́ abẹ lo ṣe!

Mo bá tíṣà rẹ̀ lóko, àwọn ọmọ ilé ìwé ń bá a roko lákòókò ẹ̀kọ́. Mo bi í ìdí tí ọmọ kò fi mọ̀wé kà, ó ní, “Bàbá, ta ló kọ́ ẹ̀yin tí ẹ fi dàgbà?” Èmi àti ìyá rẹ olóògbé la forí ru búlọ́ọ̀kù ilé ìwé yẹn.

Kí Ọlọ́run wo ọgbẹ́ rẹ sàn. Tíṣà ni ìwọ náà, ò ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ lọ́hùn-ún. Ta ló ń kọ́ tìrẹ? Wá mú un.

Bàbá rẹ