Etí Odò Tí Mo Gbá

Àbámẹ́ta, lẹ́yìn òjò

Èmi ni mo ba iṣẹ́ àwọn ọmọ yẹn jẹ́.

Olùkọ́ Ràsákì ti kìlọ̀ fún gbogbo àwa òbí tó ń bá wọn tún odò ẹ̀yìn ilé-ẹ̀kọ́ ṣe pé ká má kó ewé tó bo etí odò, torí òun ló di ilẹ̀ mú. Ṣùgbọ́n èmi ni mo kọ́kọ́ ti Tokpota, àdúgbò wa, dé láàárọ̀, wọ́n sì ní àlejò ń bọ̀. Lójú mi, ẹ̀gbin ni. Ìyá mi ò tọ́ mi báyẹn! Mo gbá a mọ́ tónítóní.

Ọ̀sán ni òjò dé. Àgbàrá wọ́ ilẹ̀ lọ, ó hú gbogbo igi ògùrọ̀ kéékèèké tí àwọn ọmọ gbìn sétí odò. Àdùkẹ́ mi ń fi ọwọ́ wá tiẹ̀ nínú ẹrẹ̀, ó ń sunkún.

Ràsákì rò pé àgbàrá ló gbé ewé lọ. Ó ní, "Ìyá Àdùkẹ́, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ dé."

Mo ní, "Ẹ ṣeun."

Kí ló dé tí n ò lè...

Nígbà tí a délé, ewé máńgòrò ti bo àgbàlá. Àdùkẹ́ gbé ìgbálẹ̀ wá fún mi. Mo gbà á, mo fi í sẹ́yìn ilẹ̀kùn, bí ẹni tó ń fi ẹlẹ́rìí pamọ́.