Wọ́kì-tọ́kì Omifunfun

Ọjọ́ Ajé, 1 Oṣù Kẹsàn-án, 2025
Ẹrù ṣì wà ní Àpápá. Ìjọba ò ní fi wọ́kì-tọ́kì tí àwọn àgbẹ̀ Omifunfun dáwó rà láti Ṣáínà sílẹ̀ láìgba àṣẹ. Wọ́n fẹ́ dán méjì wò ná. Ọláyídé, àbúrò ọkọ mi, ló ń bá wa sáré ẹ̀. Lójú rẹ̀, "Bọ̀dá mi" ni mò ń pè é — ìyàwó ilé ni mí. Nínú ìwé yìí, Mo-Mọ̀-Wọ́n lorúkọ ẹ̀. Kò sí ọ́fíìsì tí kò ti mọ èèyàn.

Ọjọ́bọ̀, 4
Mo-Mọ̀-Wọ́n kó ẹ̀rọ méjì tí wọ́n fẹ́ dán wò lọ Àbújá. Ó wọ kóòtù nínú oòrùn Òrè! Ó ń làágùn bí ẹni tó jí ewúrẹ́ gbé.

Ọjọ́ Àìkú, 14
Bàbá mi wá sí ṣọ́ọ̀ṣì. Àpá ọdún tó kọjá ṣì wà níwájú orí rẹ̀. Àwọn olè kòkó lù ú lóko rẹ̀ ní Omifunfun, ó kígbe títí, kò sẹ́ni tó gbọ́. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dé ibẹ̀, òun la ṣe ra nǹkan ọ̀hún. Ó bi mí bóyá yóò dé kí ìkórè tó bẹ̀rẹ̀. Mo ní yóò dé.

Ọjọ́ Ẹtì, 26
Mo-Mọ̀-Wọ́n ní wọ́n ti ń bá òun sọ̀rọ̀. Ta ni "wọ́n"?

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7 Oṣù Kẹwàá
Àṣẹ jáde. Ó ra bíà fún gbogbo gáréèjì. Èmi náà kúnlẹ̀ kí i. Orúnkún mi ò ní dárí jì mí.

Ọjọ́bọ̀, 9
Wọn ò fún wa lẹ́rù. Ẹ̀rọ inú páálí kọ́ ni wọ́n fún láṣẹ. Ẹ̀rọ wo wá ni Mo-Mọ̀-Wọ́n gbé lọ fún àyẹ̀wò? Ó ní tiwa ò jọjú, òun yá méjì tó ń dán lọ́wọ́ ẹ̀ṣọ́ òtẹ́ẹ̀lì kan. Ó wò mí bíi pé èmi ni mi ò gbọ́n.
"Ìyàwó, ṣé kòkó tútù lo ti rí tí wọ́n ń kó sẹ́nu àpò fún ẹni tó fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò?"
Ọmọ oníkòkó. Ó fi ẹnu àpò han ìjọba, ìjọba sì fún ẹnu àpò láṣẹ. Tiwa tó wà nísàlẹ̀ ńkọ́? A óò tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Kóòtù lásán, kò sí ọpọlọ.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 11
Ìkórè bẹ̀rẹ̀. Mo ra fèrè rẹfirí fún Bàbá, mo sì sìn ín dé Omifunfun. Ó fi fèrè kọ́ ọrùn. Ó ní kí n bá òun kí Ọláyídé, ó kú ìsapá. Mo ní tó bá dé oko, kó fọn ọ́n kí n gbọ́.
Mo dúró létí ọ̀nà títí ọlọ́kadà fi ní òun ń lọ. Mi ò gbọ́ nǹkan kan.