Èmi Ni Mo Kọ́kọ́ Rajà

Sìmíátù àbúrò mi,

Mo kí ọ, mo kí bàálé rẹ, mo kí àwọn ọmọ kéwú tó ń pariwo lẹ́yìnkùlé yín. Ara mi le, orúnkún mi ti fúyẹ́. Amatullah ọmọ mi ń ṣe shift méjì lọ́sibítù, ọmọ rẹ̀ sì ti ń jókòó.

Lọ́jọ́ Sátidé, ó mú mi wọ tréènì láti Uptown, àdúgbò tí à ń gbé nílùú òyìnbó níbí, lọ wo ilé ìtajà olówó ńlá tí àwọn àlejò máa ń lọ ya fọ́tò. Bí wọ́n ṣe ṣílẹ̀kùn, èmi ni mo kọ́kọ́ wọlé. Ilẹ̀ ibẹ̀ ń dán bíi dígí! Dayami, obìnrin ará Cuba tó ń ta lọ́fínńdà, fín díẹ̀ sí mi lọ́wọ́. Amatullah ní, "Mummy, ẹ jẹ́ ká máa lọ, ìran la wá wò."

Mo ní láéláé! Ṣé èmi ọlọ́jà ni màá kọ́kọ́ wọ ìsọ̀ èèyàn láàárọ̀, kí n jáde lọ́wọ́ òfo? Mo ra ìgò tó kéré jù, mo ṣàdúrà pé ọjà rẹ̀ á tà wàràwàrà. Bí Amatullah ṣe túmọ̀ rẹ̀ tán, Dayami tẹríba, ó ní, "Àṣẹ!" Àṣé wọ́n ṣì ń sọ ọ̀rọ̀ Yorùbá yẹn ní Cuba! Èmi ní, "Àmín!" La bá dì mọ́ra, à ń rẹ́rìn-ín.

Sìmíátù, mo gbọ́ pé o fẹ́ ti ìsọ̀ àǹkárá rẹ pa nítorí ọjà ò yá. Jọ̀ọ́, má tì í. Ilé ńlá yẹn náà ń ṣílẹ̀kùn láìmọ ẹni tó ń bọ̀. Ọlọ́run á rán oníbàárà rere sí ọ.

Mi ò ní pẹ́ padà sílé, bá mi gún ata sílẹ̀. Ìwọ ni mo ra lọ́fínńdà náà fún. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì tí mo bá dé, kó o tó gbálẹ̀ ìsọ̀ tán, wàá rí mi níwájú rẹ, pẹ̀lú owó lọ́wọ́.

Ẹ̀gbọ́n rẹ,
Ràlíátù