Ọ̀dà Tí Yìnyín Kì Í Lẹ̀ Mọ́

Ìsàlẹ̀ Gángan, Èkó.

Haleem, Àrẹ̀mú ọmọ mi,

Àsàláàmù àlékùn. Ṣé ara rẹ le nínú òtútù Kánádà yẹn? Ṣé ò ń jẹun, ṣé ò ń kírun? Ọlọ́run tó mú ọ lọ kò ní fi ọ́ sílẹ̀ sọ́wọ́ àjèjì. Àwa náà wà níbí, òjò ti wó ògiri ẹ̀yìnkùlé, ewúrẹ́ Afusat aládùúgbò wa sì ti jẹ aṣọ ìkírun mi kan. N kò fẹ́ sọ ìyókù lórí fóònù kí bàbá rẹ má baà gbọ́, ni mo ṣe kọ ọ́ sínú ìwé tí mo fi rán Yaqub ọmọ àdúgbò wa tó ń bọ̀ wá sọ́dọ̀ yín.

Ẹsẹ̀ bàbá rẹ ni. Ìtọ̀ ṣúgà yẹn ti sọ ẹsẹ̀ ọ̀tún di tútù bí ẹja inú fìríìsà, àwọn ọmọ ìka sì ti dúdú. Mo fi omi gbígbóná jó o, mo fi òrí pa á, mo wọ ìbọ̀sẹ̀ lé ìbọ̀sẹ̀ fún un, òtútù kò lọ. Ìgbà náà ni mo rántí àgolo ọ̀dà tí o mú wá nígbà Iléyá, èyí tí ẹ̀ ń fi kun apá ọkọ̀ òfurufú níbi iṣẹ́ yín. Ìwọ fúnra rẹ lo kùn ún sí ìdajì abọ́ irin, o bu omi sí i, o gbé e sínú fìríìsà wa. Nígbà tó dì, yìnyín apá kan lẹ̀ típẹ́típẹ́, ti apá tí o kùn kàn ń yọ̀ bọ́. Mo ní bí òtútù kò bá lè di irin mú lókè sánmà, kí ló fẹ́ fi ẹsẹ̀ ọmọ ènìyàn ṣe?

Mo kùn ún láti ọmọ ìka dé ọrùn ẹsẹ̀, pẹ̀lú bísímílà. Ọmọ mi, iṣẹ́ yín dára. Bàbá rẹ kò ráhùn òtútù mọ́. Omi tó ń hó dà sí i lẹ́sẹ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀, kò tilẹ̀ mọ̀, èmi ni mo sọ fún un. Wọ́n ní ẹni ọmọ sin ló bímọ. Mo ní tèmi tún jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹni tí ọmọ wò sàn ló bímọ.

Khairiyyah ọmọ ilé wa tó ń ṣe nọ́ọ̀sì ni kò jẹ́ kí n gbádùn. Ó wo ẹsẹ̀ náà, ó bú sẹ́kún, ó ní kí a gbé bàbá rẹ lọ sílé ìwòsàn kí wọ́n gé ẹsẹ̀ náà, pé bí a bá pẹ́, yóò pa á. Inú bí mi gan-an. Ọmọ tí mo gbé pọ̀n. Mo ní ṣé òun ló mọ òtútù ni, àbí ọmọ mi tí òyìnbó ń sanwó fún nítorí rẹ̀? Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà mí, n kò ní purọ́ fún ọ. Bàbá rẹ kò jẹun mọ́, ìyá rẹ̀ tó ti kú ló ń pè.

N kò tọrọ owó lọ́tẹ̀ yìí. Ọ̀dà ti tán, òtútù sì ti kọjá orúnkún. Fi àgolo tí ẹ fi ń kun odindi ọkọ̀ rán Yaqub, ó ní òun ń padà bọ̀ lóṣù tó ń bọ̀. Bàbá rẹ kò kúkú ga tó ọkọ̀ òfurufú, yóò tó o.

Kí Ọlọ́run dá ẹ̀mí rẹ sí, kó fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ ṣe ìwòsàn fún àwọn tó bí ọ. Má fòyà. Ọkọ̀ ilé ìwòsàn tí Khairiyyah pè dé láàárọ̀ yìí, mo ti dá a padà.

Èmi ni ìyá rẹ,
Àlímọ̀t.