Ìgbọ̀nwọ́ Bàbá Rẹ Lára Ilẹ̀kùn Mọ́tò

Ulé wa, Ìgbẹmọ-Èkìtì.

Dùnmínínú ọmọ mi,

Kí ìwé yìí bá ọ láàyè, kí ó bá ọ nínú ayọ̀, kí ó má bá ọ níbi tí o ti ń wá ohun tó sọnù. Ṣé ara le? Ṣé oòrùn Àbújá ò tíì mú ọ gbẹ? Àwa náà wà, a dúpẹ́. Ìrẹsì ṣe dáadáa lọ́dún yìí, ewúrẹ́ pupa ti bí, ẹnu sì ń jẹun. Ohun tó jẹ́ kí n kọ ìwé dípò kí n pè ọ́ ni pé inú mọ́tò bàbá rẹ nìkan ni nẹ́tíwọ̀kì ti ń wọlé ní ulé wa, bàbá rẹ gan-an ni ọ̀rọ̀ náà sì kàn, mi ò lè máa sọ̀rọ̀ rẹ̀ lójú ara rẹ̀. Má tíì máa mi orí. Mo mọ̀ pé a ti sin ín, èmi náà ni mo yan aṣọ tí a fi sin ín. Ṣáà máa kà á lọ.

O rántí pé o ní ọkùnrin Adó tó fẹ́ ra mọ́tò náà ń bọ̀ ní ìparí oṣù yìí, àti pé kò ní gbé e tí aṣọ inú ilẹ̀kùn bá ṣì ń jábọ́ bí awọ ọ̀fun tòlótòló. Mo rí òyìnbó tí o fi ránṣẹ́ sínú fóònù pé kó wá kọ́ mi. Ẹni pẹ̀lẹ́ ni. Mo kí i pé ẹ kú iṣẹ́, kò dáhùn, ṣùgbọ́n ó mi orí. Nígbà tí mi ò rí ọ̀bẹ, mo fọwọ́ kàn án lójú pé kó dúró ná, ó sì dúró lóòótọ́, ó gbé ọwọ́ sókè, ó ń wò mí. Mo lọ sí ilé ìdáná, mo wá ọ̀bẹ, mo tiẹ̀ jẹun díẹ̀, nígbà tí mo padà dé ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lókè. Ojú tì mí, mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀. Tí irú ọkùnrin onísùúrù bẹ́ẹ̀ bá wà ní ìlú yín tí kò tíì níyàwó, má gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan o.

Bó ṣe ṣe ni mo ṣe. Mo tú àwọn nọ́ọ̀tì, mo fi ọwọ́ ṣíbí yọ pátákó inú ilẹ̀kùn, mo tẹ́ ẹ sórí ẹní tí a fi ń sá ìrẹsì, mo sì bó aṣọ rẹ̀. Fóòmù abẹ́ rẹ̀ ti kú, ó ń dà bíi gààrí, mo gbọ̀n ọ́n dànù. Kẹ́hìndé aṣebàtà ló fún mi ní gọ́ọ̀mù. Ó ní kí n fi pa aṣọ, kí n fi pa pátákó, kó gbẹ díẹ̀ kí n tó lẹ̀ wọ́n pọ̀, kí omi má sì kàn án títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Mo ṣe gbogbo ilẹ̀kùn. Lẹ́yìn náà mo bu omi àdúrà tí Wòlíì ìjọ wa yà sí mímọ́ fún mi, mo wọ́n ọn sára ilẹ̀kùn awakọ̀, nítorí ibẹ̀ ni bàbá rẹ máa ń jókòó. Ta ní í ṣe iṣẹ́ láìfi ti Ọlọ́run kún un? Kẹ́hìndé tó wá gba agolo rẹ̀ bá mi níbẹ̀, ó ní Màmá, omi lẹ ń wọ́n yẹn. Mo ní omi kànga kọ́, omi àdúrà ni. Ó wò mí, ó gbé agolo rẹ̀, ó lọ.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, àwọn ilẹ̀kùn tó kù tẹ́ dáadáa, ti awakọ̀ nìkan ló ti wú. Dùnmínínú, ihò kan wà láàrin wíwú náà, níbi tí bàbá rẹ máa ń fi ìgbọ̀nwọ́ tì tó bá ń wakọ̀. O mọ̀ pé ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ wọ́ láti ìgbà tó ti jábọ́ lórí ọ̀pẹ. Ihò náà wọ́. Mo fi tèmi sí i, kò bá a mu. Ibẹ̀ sì lọ́ wọ́ọ́rọ́, oòrùn ò sì tíì dé ẹ̀yìnkùlé. Gíláàsì tí mo yí sókè ti sọ̀kalẹ̀ dé ìdajì, bó ṣe máa ń fi í sílẹ̀ kí atẹ́gùn lè fẹ́ sí i.

Mo tún un lẹ̀, mo tún gbàdúrà, mo tún wọ́n omi. Ó padà wá. Bí mo ṣe ń fi kún omi, bẹ́ẹ̀ ló ń hàn sí i. Mi ò sọ fún ẹnì kankan. Ó wá di ọjọ́ tí Monínúọlá àbúrò bàbá rẹ gbé iṣu wá, ó bẹ̀rẹ̀ wo inú mọ́tò, ó sì kúnlẹ̀ sórí iyẹ̀pẹ̀, ó ní ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀gbọ́n mi. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí mi, ó bi mí pé kí ló dé tí mi ò fi sọ fún òun pé wọ́n ti dé. Ẹ̀rù bà mí, mi ò ní purọ́. Mo rán an létí pé a ti sin ín, ó sá lọ, kò sì gba ẹ̀yìnkùlé wa kọjá mọ́.

Nígbà tó yá, omi àdúrà tán, Wòlíì sì ti lọ sóde ìsọjí ní Ìyìn. Mo bá lẹ̀ ẹ́ láìsí omi. Láàárọ̀ ó ti tẹ́ pẹrẹsẹ, gíláàsì wà lókè, ọkùnrin Adó ì bá gbé e láìwo ẹ̀yìn. Mo jókòó sí ìjókòó mi níwájú, ibi tí mo máa ń wà tí a bá ń kó ìrẹsì lọ sí Ọjà Ọba, mo na ọwọ́ kan ilẹ̀kùn rẹ̀. Ó tutù. Mo kí i, mo tún kí i. Ọmọ mi, lọ́jọ́ ìsìnkú, èrò kún ulé, oúnjẹ ni mò ń pín, mi ò ráyè sunkún. Inú mọ́tò yẹn ni mo ti sun ún.

Bí Wòlíì ṣe ti Ìyìn dé, ó ya kẹ́ẹ̀gì omi kan sí mímọ́ fún mi, mo sì fi gbogbo rẹ̀ wẹ ilẹ̀kùn náà. Kẹ́hìndé ní omi ló ń tú gọ́ọ̀mù. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀, mi ò bá a jiyàn mọ́. Ilẹ̀ mọ́, ihò ti padà, ó gbóná, gíláàsì ti sọ̀kalẹ̀. Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ tèmi náà, tí omi ò kàn rí, ti wú. Ihò kékeré kan wà lára rẹ̀. Mo fi ìgbọ̀nwọ́ mi sí i, ó gbà á rẹ́gí. Ẹ̀rù ò bà mí mọ́.

Nítorí náà, sọ fún ọkùnrin Adó kó má wulẹ̀ wá. Jọ̀wọ́, wá owó díẹ̀ ránṣẹ́ kí n fi ra táyà iwájú, àwọn tó wà níbẹ̀ ò lè dé Adó. Má fi sí báńkì o. Ẹ̀rọ ara ògiri wọn ti gbé káàdì mi mì, mo bẹ̀ ẹ́ títí, kò pọ̀ ọ́. Fi rán awakọ̀ tó gbé ìwé yìí àti àpò ìrẹsì rẹ wá.

Olúwa yóò ṣọ́ àlọ rẹ, yóò ṣọ́ àbọ̀ rẹ. O ò ní fi ọwọ́ òsì jẹun. Ilé ọkọ tí yóò tù ọ́ lára ni ìwọ yóò wọ̀, ọmọ rẹ yóò sì sin ọ́ bí a ṣe sin bàbá rẹ. Tí o bá pè tí mi ò gbé e, má jáyà. Ó lè jẹ́ pé bàbá rẹ ti gbé mi jáde.

Èmi ni ìyá rẹ.