Ẹja Tí Kò Jẹ́ Kí N Kí Bàbá

Sátidé, oṣù Kejì, 1992

Màmá ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde àìsàn, ẹja Odò Ọ̀sẹ̀ nìkan ló ń wù ú jẹ. Láti ìjẹta ni Bàbá ti ń ṣọ́ epìyà ńlá kan.

Omi mọ́ gaara. Mo rí ẹja náà láàárín koríko odò, tó ń ju ìrù jẹ́jẹ́. Mo kúnlẹ̀ kí Bàbá létí odò: "Ẹ kú iṣẹ́, sà." Òjìji mi bọ́ sómi, ẹja pòórá. Bàbá, tí kì í gbójú fo ìkíni, fi ìka lé ètè!

Ó pẹ́ kí ẹja náà tó padà. Ó yí ìwọ̀ ká, ó lọ, ó tún dé. Ta ló kọ́ ọ lọ́gbọ́n yìí?

Nígbà tó gbé ìwọ̀ mì, Bàbá fà á sókè, ó yíjú sí mi: "Ó yá, wá kí mi wàyí."

Mo kúnlẹ̀. Mi ò mọ èwo ni mò ń kí nínú àwọn méjèèjì, Bàbá tàbí ẹja.